Bí a ṣe ń gba owó ìpolówó lọ́wọ́ ẹni tó mọ bàbá ẹni

Ìpolówó àkọ́kọ́ tí mo gbé sórí búlọ́ọ̀gù mi, gààrí ni wọ́n fi san án. Tàntí kan tó ń yan gààrí lẹ́yìn ọjà Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin níbí, ló ní kí n ya fọ́tò agbada òun, kí n kọ nọ́ńbà òun sí i. Mo yà á, mo kọ ọ́, mo tún gbé e sí sitátọ́ọ̀sì WhatsApp mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni mẹ́rin pè wọ́n láti Kútọnu. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n rán ọmọ wá pẹ̀lú tòńgólò gààrí mẹ́ta àti ẹ̀pà díẹ̀ nínú ọ̀rá. Inú mi dùn. Inú ìyàwó mi dùn jù mí lọ. Ṣùgbọ́n mẹ́gà (dátà) tí mo fi gbé fọ́tò náà sókè, ẹni tó ń tà á kì í gba gààrí.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń kọ ìròyìn Kétu: iye tí àgbàdo jẹ́ lọ́jà, ẹni tó kú, ẹni tó bí ìbejì, ibi tí ọ̀nà Ìlárá ti bàjẹ́. Ṣọ́ọ̀bù fótókópì ni mo fi ń jẹun. Fọ́tò ni bàbá mi ń yà, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ a máa wá jókòó sídìí ẹ̀rọ mi, wọ́n á ní, "Fọ̀fọ́, báwo la ṣe ń rí òǹkàwé?" Òǹkàwé kọ́ ni ìṣòro. Ta ni kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ aládùúgbò rẹ̀? Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tó yẹ kó sanwó ìpolówó fún yín, òun náà ló gbé yín pọ̀n ní kékeré. Lójú tirẹ̀, ẹ kò polówó ọjà òun; ẹ kàn kí òun ni. Ta ló sì ń gbowó ìkíni?

Nítorí náà, ẹ kọ iye owó yín sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Kì í ṣe inú fóònù o, ara ògiri ni, pẹ̀lú mákà dúdú. Tèmi wà lókè ẹ̀rọ: ọjọ́ ọjà kan, 1,000 sefà, ọ̀sẹ̀ kan, 3,000, oṣù kan, 10,000, ìkéde òkú pẹ̀lú fọ́tò, 5,000. Tí ẹnì kan bá bi mí, mi ò ní la ẹnu, ògiri ni mo máa nawọ́ sí. Ẹnu mi ló ń tijú, ògiri kì í tijú.

Ẹ ka mẹ́gà mọ́ owó náà. Ní 2018, nígbà tí ìjọba fẹ́ máa gba sefà 5 lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tí a bá lò lórí Facebook àti WhatsApp, a pariwo #TaxePasMesMo (ẹ má gbowó-orí lórí mẹ́gà mi) títí wọ́n fi fagi lé e nínú oṣù kẹsàn-án. Ẹni tó bá gbọ́ ariwo tèmi lọ́jọ́ náà á rò pé mo mọ iye tí mẹ́gà jẹ́. Èmi yìí kan náà ni mo ń gbé fídíò ìkómọ oníṣẹ́jú mẹ́wàá sókè lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ má gbàgbé láti kọ ti ẹbí sí ara ògiri náà. Èyí ni mo pẹ́ kí n tó mọ̀. Mo kọ́kọ́ ní mi ò ní dín owó kù fún ẹnikẹ́ni, àbúrò ìyá mi kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì. Báyìí, ìlà tó kẹ́yìn ni: Ẹbí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ọ̀fẹ́. Ní Kétu, ẹni tí kì í bá ṣe ẹbí bàbá, ẹbí ìyá ni. Ẹni tí kò sí nínú méjèèjì, ọmọ rẹ̀ kan ti fẹ́ ará ilé yín. Ó dáa, gbogbo wọn ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá ra ìwé kan, ẹ fa ìlà sáàárín ewé rẹ̀: owó lápá ọ̀tún, oore lápá òsì, pẹ̀lú ọjọ́. Gààrí Tàntí wà lápá òsì níbẹ̀, mo kọ iye tòńgólò rẹ̀.

Ìwé yìí ni mo fi bá ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta páànù sọ̀rọ̀. Ó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ ọjà, ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi ń gbé páànù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo béèrè ìyàwó, mo béèrè ọmọ tó wà ní Pobè, mo béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ẹ má fo ìyẹn o: ẹni tó bá fi owó ṣíde ọ̀rọ̀ ti pàdánù owó náà. Ó ní, "Ọmọ Bàbá Fótò, bá mi gbé páànù mi síbẹ̀ bíi ti ìjọ́sí." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kíá báyìí." Mo ṣí ìwé, mo yí i sọ́dọ̀ rẹ̀. "Ti ìjọ́sí rèé, oṣù kẹta, ọjọ́ méje gbáko, apá òsì ló wà. Ti òní ti bọ́ sápá ọ̀tún." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ náà. Ó wo ìwé, ó pẹ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ń kọ mí sílẹ̀ bí onígbèsè?"

Mo ní rárá o, apá tí mo kọ wọ́n sí, apá àwọn tí mo ṣe lóore ni. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní 2,000 ló wà lọ́wọ́ òun. Mo gbà á, ọjọ́ mẹ́rin ni mo sì fún un dípò méje. Ọjọ́ ni kí ẹ máa dín kù, ẹ má dín iye tó wà lára ògiri kù, torí ẹni tó bá jáde lẹ́yìn rẹ̀ á ti gbọ́ iye tó san.

Ẹ gba owó kí ẹ tó gbé e sókè. MoMo ni, Moov Money ni, owó ọwọ́ ni, kó ṣáà ti dé. Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì kan wà tí mo bá gbé ìpolówó fún odidi oṣù kan lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Mò ń padà bọ̀ sórí tirẹ̀.

Tó bá jẹ́ àjọ tàbí ilé-iṣẹ́ ńlá láti Kútọnu tàbí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni oníbàárà yín, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó ń dunni sílẹ̀. IFU ni wọ́n máa béèrè, nọ́ńbà owó-orí oníṣirò 13 yẹn, lẹ́yìn náà facture normalisée, ìwé owó tí àwọn agbowó-orí fọwọ́ sí. Iṣẹ́ 60,000 kan bọ́ lọ́wọ́ mi torí pé ìwé tí mo fọwọ́ kọ ni mo gbé lọ bá wọn. Àwọn tó ń tajà láti Ìmẹ̀kọ lódì kejì ẹnubodè ńkọ́? Sefà ni kí ẹ pe owó fún wọn. Mo ti gba náírà rí. Kí n tó ṣẹ́ ẹ, ó ti yọ́ bí òrí. Ẹ má sì gbójú lé wọn nìkan: nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè láti oṣù kẹjọ 2019 di ìparí 2020, kò sí ẹyọ ìpolówó kan láti ọ̀dọ̀ wọn.

Ibi tí owó ń gbà lọ tí ẹ kò ní fura ni òde. Oníbúlọ́ọ̀gù ìlú kékeré ti di ẹni òde. Ìkómọ, ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìwúyè, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń pè é sí, wọn kì í sì í pè é lásán: "Má gbàgbé fóònù ńlá yẹn o." Oṣù kejìlá tó kọjá, òde mẹ́rin ni mo lọ. Aṣọ ẹbí méjì, 7,500 lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó tí mo ná fún olóde àti onílù, 6,000. Zémìjàn (ọ̀kadà), 2,400. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 23,400. Mo ya fọ́tò tó lé ní 300. Ohun tí mo gbé wálé ni ìrẹsì, ẹran, àti garawa oníke méjì tí orúkọ olóògbé wà lára wọn. Ìyàwó mi gbé ọ̀kan lé orí èkejì, kò sọ nǹkan kan.

Láti ìgbà náà mo ti pín òde sí méjì. Tó bá jẹ́ ti ẹbí, mo wọ aṣọ, mo jó, fóònù wà nínú àpò. Tó bá jẹ́ ti iṣẹ́, aṣọ ara mi ni mo wọ̀, mo ti gba 5,000 láti ìrọ̀lẹ́ àná, oúnjẹ tí wọ́n bá bù fún mi, inú ọ̀rá ló ń wọ̀ lọ sílé. Mi ò ní jókòó. Ìdúró yẹn ṣe pàtàkì ju kámẹ́rà lọ: ẹni tó bá ti jókòó jẹun ti di àlejò, àlejò kì í sì í béèrè owó.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nìkan ni mo ń lọ yà láìgbowó, torí òun ló ń mú ará òde wá ka ohun tí mo kọ. UNESCO ti kéde rẹ̀ ní àṣà àjogúnbá ọmọ aráyé láti 2001, èdè Faransé sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá a fi ń wá a. Ẹ kọ ìlà Faransé méjì sábẹ́ fọ́tò. Ó tún ní ìdí mìíràn: AdSense ti Google, tó ń gbé ìpolówó sórí búlọ́ọ̀gù tó sì ń sanwó fún ẹni tó ni ín, kò ka Yorùbá mọ́ àwọn èdè tó ń gbé ìpolówó sí, Faransé wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá sì gbà yín, owó yín gbọ́dọ̀ pé dọ́là 10 kí wọ́n tó fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ránṣẹ́, kó pé 100 kí wọ́n tó san án. Lẹ́tà ìwé ni nọ́ńbà náà ń bá wá o, oṣù mẹ́rin péré lẹ sì ní láti tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ilé mi kò ní nọ́ńbà. "Ọ̀nà Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹ béèrè Fótókópì" ni àdírẹ́sì mi. Ẹ wá àpótí ìfìwéránṣẹ́ lò.

Ọ̀rẹ́ ló sì pa ti íntánẹ́ẹ̀tì tèmi. Ilé-iṣẹ́ kan, mi ò ní dárúkọ, ti ń gbé ìpolówó sí ọ̀dọ̀ mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Níbi tí a ti ń mu sódábì lálẹ́ ọjọ́ kan, mo la ẹnu mi pé tí ẹnì kan bá tẹ ìpolówó náà, owó ń wọlé. Ẹni méje ló yọ fóònù. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń pa èèrà, wọ́n ń kí mi kú oríire. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ilé-iṣẹ́ náà ti ti àkáǹtì mi pa, èrú ni wọ́n ka títẹ̀ yẹn sí. Ìfẹ́ ni o, mi ò lè bínú. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ibi tí owó ń gbà wọlé fún ọ̀rẹ́.

Lórí kíkọ, olùkọ́ kan bá mi jà pé mo kọ "ẹ̀pà" bí ará Nàìjíríà, pé "ɛ̀kpà" ni wọ́n ń kọ́ àgbà níbí. Bí ẹni tó sanwó bá ṣe fẹ́ ni mo ń kọ ọ́.

Owó kan wà tí kò sí lápá ọ̀tún, tí kò sí lápá òsì. Nígbà ìdìbò, ẹnì kan á pè yín sẹ́yìn ọkọ̀, á fi àpòòwé lé yín lọ́wọ́, á ní owó ọkọ̀ ni. Ẹ sọ fún un pé ẹ máa kọ ÌPOLÓWÓ gàdàgbà sókè ohun tó fẹ́ kẹ́ ẹ gbé, kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa gba àpòòwé rẹ̀ padà. Ẹ má torí 5,000 gbé ẹ̀sùn tẹ́nì kan fi kan ọ̀tá rẹ̀: abala 550 nínú òfin 2017-20, òfin ìlò íntánẹ́ẹ̀tì níbí, ti gbé akọ̀ròyìn dé ẹ̀wọ̀n rí. HAAC, àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ ìròyìn, náà sì pàṣẹ ní oṣù keje 2020 pé kí ojúlé ìròyìn tí kò gbàṣẹ dákẹ́, nítorí náà ẹ má kàn pe ara yín ní ilé ìròyìn.

Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì wá ńkọ́? Gbèsè 10,000, oṣù karùn-ún rèé. Mo ti pè é, mo ti kí i lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Kò kọ̀, kò sì san. Ẹ má gbé onígbèsè sórí búlọ́ọ̀gù o, ẹ̀gbọ́n yín ni yóò kọ́kọ́ wá bá yín jà. Ẹ dúró de ìgbà tí òun náà bá nílò nǹkan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó rán ọmọkùnrin kan sí mi: ọmọ òun obìnrin ń ṣègbéyàwó, aṣọ ẹbí jẹ́ 8,000, kí n sì mú fóònù ńlá dání. Mo kọ ọ́ sórí ìwé kékeré: "Ẹ kú oríire, Ọ̀gá mi. Ẹ bá mi fi aṣọ náà ránṣẹ́, kẹ́ ẹ fi 2,000 lé e, gbèsè ti parí nìyẹn." Nírọ̀lẹ́, aṣọ dé, aláwọ̀ ojú ọ̀run. Mo tú u wò lẹ́ẹ̀mejì, kò sí 2,000 nínú rẹ̀. Mo kọ 8,000 sápá ọ̀tún. Aránṣọ ti wọn ọrùn mi. Sátidé tó ń bọ̀ ni òde náà, mi ò sì tíì mọ̀ bóyá kí n jókòó.