Bí A Ṣe Ka Oríkì Ògún Títí A Fi Dé Kókó Rẹ̀

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ jókòó ṣe ìdánwò WAEC ló gbé ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wá bá mi. Olùkọ́ Yorùbá wọn ní kí kálukú mú oríkì òrìṣà kan, kó tọ́ka sí ọnà èdè inú rẹ̀, kó sì sọ kókó ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Oríkì Ògún ni òun mú. Lábẹ́ kókó ọ̀rọ̀, ó kọ ogun, agbára àti ìbẹ̀rù. Lábẹ́ ọnà èdè, ó to orúkọ wọn sílẹ̀: àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, àsọrégèé, àwítúnwí. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ béèyàn bá pa orúkọ Ògún rẹ́ nínú ìwé náà, ó lè fi Ṣàngó sí i, ó lè fi jagunjagun èyíkéyìí sí i, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Oríkì yìí jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó dùn mí kí ọmọ tiwa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìwo inú rẹ̀. Mo ní kó fa àga wá, ká jọ kà á.

Àwọn ìlà tí a lò nìyí. Oríkì kì í dọ́gba lẹ́nu gbogbo ará ìlú, tiyín lè yàtọ̀ díẹ̀:

Ògún lákáayé, ọ̀sìn imọlẹ̀,
Ó lómi nílé, ó fẹ̀jẹ̀ wẹ̀,
Ó láṣọ nílé, ó fi màrìwò bora.
Lọ́jọ́ tí Ògún ń torí òkè bọ̀,
Aṣọ iná ló mú bora,
Ẹ̀wù ẹ̀jẹ̀ ló wọ̀.
Ògún onílé owó, ọlọ́nà ọlà.
Ògún Alárá ní í gba ajá,
Ògún Onírè a gba àgbò,
Ògún ìkọlà a gba ìgbín,
Ògún onígbàjámọ̀, irun ní í jẹ,
Ògún gbẹ́nàgbẹ́nà, oje igi ní í mu.
Ìrè kì í ṣe ilé Ògún, ẹmu ló yà mu níbẹ̀.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a pè é sókè, láìmú bírò dání. Èmi pè é, òun náà pè é, a tún pè é pọ̀. Etí ni wọ́n ṣe oríkì fún, ojú sì máa ń sáré kọjá ohun tí etí máa dúró tì. Nígbà tó ń pè é lẹ́ẹ̀kejì ló dákẹ́, ó ní, “Àǹtí, ẹ gbọ́, ‘ó lómi nílé’ àti ‘ó láṣọ nílé’, ìró kan náà ni wọ́n ń gbé.” Mo ní kó fàlà sí i. Ibi tí ìlà méjì bá ti dúró lórí ìró kan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé apohùn fẹ́ ká gbé ọ̀kan lé orí èkejì wò ni.

Lẹ́yìn náà ni a wá kọ ọ́ sórí ìwé, a fi àyè sílẹ̀ láàárín ìlà kan sí èkejì, mo sì ní kó bi ìlà kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ohun tí wọ́n sọ yìí lè ṣẹlẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an? Mo ka ìbéèrè yìí sí pàtàkì, torí àwọn ọmọ ilé ìwé ti gbà pé bí ọ̀rọ̀ bá ti wà nínú ewì, ó ti ní awo nínú nìyẹn. Ajá inú oríkì yìí, ajá ni. Wọ́n ń fi ajá bọ Ògún lóòótọ́. Àgbò náà, àgbò ni. Màrìwò náà wà níbẹ̀ gedegbe: béèyàn bá dé ojúbọ Ògún, yóò rí ọ̀dọ́ imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Kódà ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, wọ́n ṣì ń ya màrìwò, wọ́n ṣì ń fi í kọ́ ẹnu ọ̀nà ilé òrìṣà, orúkọ yẹn náà ni wọ́n sì ń pè é. Ẹni tó bá sọ pé màrìwò dúró fún nǹkan mìíràn kó tó mọ̀ pé ó wà, ó ti sáré jù.

Èyí tí kò lè ṣẹlẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni a wá fi àmì sí. Aṣọ iná. Ẹ̀wù ẹ̀jẹ̀. Irun tí wọ́n ń jẹ. Oje igi tí wọ́n ń mu. A tún fi àmì ìdajì sí fífi ẹ̀jẹ̀ wẹ̀, torí irin ojúbọ ń fi ẹ̀jẹ̀ ajá wẹ̀ lóòótọ́ lọ́jọ́ ìbọ.

Ọmọ náà ní àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni “aṣọ iná”. Mo ní kí ló fi wé kí ni? Ó ní iná wé aṣọ. Kí ló jọra láàárín iná àti aṣọ? Kò rí i sọ. Èmi náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ò ní tó fún èyí, ni mo bá mú un lọ sí àgbẹ̀dẹ tó wà lẹ́yìn ọjà.

Bàbá alágbẹ̀dẹ ń rọ àdá lọ́wọ́. A kí i, “Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá, Ògún á gbè yín o.” Ó ní àṣẹ, ó sì fi ojú tọ́ka sí ibi tí a lè dúró sí tí iná ò ní ta bá wa. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń fín ẹwìrì, èédú ń pọ́n, irin náà wà láàárín rẹ̀. Nígbà tí bàbá fi ẹ̀mú yọ ọ́ síta, gbogbo ara irin ọ̀hún ló pọ́n yòò, kò sí ibi tí iná ò bò nínú rẹ̀. Ó gbé e lé owú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ owú lù ú, bó sì ti ń lù ú ni pípọ́n náà ń ká kúrò lára rẹ̀, láti etí wá sí àárín, títí irin fi padà di dúdú. Ọmọ náà di apá mi mú. Ó ní, “Ó ń bọ́ aṣọ!”

Kò sí olùkọ́ tó lè kọ́ ọ ju ìyẹn lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ ki oríkì yìí kò jókòó wá ọ̀rọ̀ dídùn kiri, ó ti rí irin tó ń jáde nínú iná rí ni. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń sọ fún un pé bí àfiwé kan bá ṣókùnkùn sí i, kó wá ibi tí ojú ti lè rí nǹkan méjèèjì lọ: àgbẹ̀dẹ, oko, odò, ìdí aró. A padà délé, a kọ ọ́ báyìí: irin ni Ògún, iná bò ó bí aṣọ ṣe ń bo ara, ó sì ń bọ́ ọ sílẹ̀. Ẹ̀wù kejì, ti ẹ̀jẹ̀, ni irin ń wọ̀ lẹ́yìn tó bá kúrò ní àgbẹ̀dẹ. Ìlà méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn bí ìrìn àjò idà ṣe rí: iná ló kọ́kọ́ wọ̀, ẹ̀jẹ̀ ló tẹ̀ lé e.

Lórí “ó lómi nílé, ó fẹ̀jẹ̀ wẹ̀”, àsọrégèé ló kọ, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Mo wá ní kó fi ọwọ́ bo apá kejì ìlà náà, kó ka apá àkọ́kọ́ nìkan. Kí nìdí tí wọ́n fi sọ fún wa pé omi wà nílé? Bí omi ò bá sí ni, a ò bá ní ọ̀ràn ló dé, kò rí nǹkan mìíràn lò. Oríkì ti ilẹ̀kùn ìyẹn pa. Omi wà, aṣọ wà, Ògún mọ̀ pé wọ́n wà, èyí tó wù ú ló mú. Ìbẹ̀rù tó wà nínú ìlà yìí, inú “nílé” ló ti ń jáde; ẹ̀jẹ̀ kàn ń parí rẹ̀ ni. Téèyàn bá kọ “àsọrégèé” sílẹ̀ tó sì kọjá, kò ní rí ìyẹn láé.

Ìlà tí wọ́n to ohun tí Ògún ń gbà sí ni mo gbádùn jù, ibẹ̀ ni kókó sì ti yọjú. Mo ní kó pín wọn: èwo ni ẹbọ, èwo ni kì í ṣe ẹbọ? Ajá, àgbò àti ìgbín, ẹbọ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi irun bọ Ògún? Ta ló ń bu oje igi sí i lẹ́nu? Kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Irun ni abẹ onígbàjámọ̀ ń gé, inú igi ni ọ̀bẹ gbẹ́nàgbẹ́nà ń wọ̀, oje sì ń jáde. Àwọn wọ̀nyí ni iṣẹ́ ojoojúmọ́ ń ná lọ lára nǹkan. Apohùn fi ajá bẹ̀rẹ̀, níbi tí “gbà” ti jẹ́ gbígbà lóòótọ́, ó rọra fà wá dé ibi jíjẹ àti mímu tí kò sí ẹnu níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì dún bí ìlà kan náà. Bó ṣe sọ ilé ìgbẹ́nà di ojúbọ nìyẹn, tó sọ ìsọ̀ onígbàjámọ̀ di ojúbọ. Wo ìgbín náà: ẹran tútù, tí wọ́n ń fi omi rẹ̀ sí ojú egbò ọmọ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lábẹ́. Abẹ ìkọlà ló dá egbò sílẹ̀, ohun tó ń tu egbò lára sì ni ẹbọ rẹ̀.

Ó ti tó àkókò láti kọ kókó. Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ kan kì í tó fún un. “Ogun” ò tíì sọ nǹkan kan fún mi. Kí ni oríkì yìí sọ nípa ogun? Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ odindi gbólóhùn tí ẹlòmíràn lè sọ pé òun ò gbà. Ó kọ, ó pa á rẹ́, ó tún kọ. Èyí ló dúró lé: “Kò sí ire tí irin ń ṣe fún èèyàn tí kì í gba nǹkan dípò rẹ̀, oríkì sì ń yin Ògún láìfi ohun tó ń gbà pamọ́.” Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. “Onílé owó, ọlọ́nà ọlà” ti ríbi jókòó báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wù ẹ̀jẹ̀, láìsí ìjà láàárín wọn.

Mo ní kó gbé gbólóhùn náà lé ìlà kọ̀ọ̀kan, kó wá èyí tó máa kọ̀ ọ́. Ìlà tó gbẹ̀yìn kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí àwọn àgbà ṣe máa ń sọ ọ́, Ògún ti ogun dé sí Ìrè Èkìtì lọ́jọ́ tí ìlú wà níbi àpéjọ tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀. Òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́, agbè ẹmu ti gbẹ, kò sẹ́ni tó kí i. Inú bí i, ó fa idà yọ, ó pa àwọn èèyàn. Oríkì ò sọ ọ̀kankan nínú ìyẹn. Ó ní ẹmu ló yà mu. Gbogbo òkú ọjọ́ náà wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹmu, ẹni tó mọ ìtàn nìkan ló ń gbọ́ igbe wọn. Kí ni Ìrè rí gbà níbẹ̀? Kò rí nǹkan kan. Ọmọ náà fẹ́ fo ìlà yẹn, ó ní òun á fi í sílẹ̀. Mo kọ̀. Ìlà tó bá kókó wa jà ló yẹ ká dá sí jù. Ó ronú títí, ó sì fi kún gbólóhùn rẹ̀: “ìgbà mìíràn wà tó ń gbà láìfúnni ní nǹkan kan, síbẹ̀ orúkọ ìlú tó jìyà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń jẹ́, Ògún Onírè.”

Bó ṣe to iṣẹ́ náà fún olùkọ́ rẹ̀ kò gba àkókò. Ó fi gbólóhùn kókó ṣáájú. Ó mú aṣọ iná, omi ilé àti irun onígbàjámọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ó sì fi orúkọ ọnà èdè sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ó fi Ìrè kádìí rẹ̀. Ó bi mí bóyá àwọn tó ń máàkì máa gbà pẹ̀lú òun. Mo ní bí ìlà oríkì bá ti wà lẹ́yìn ohun tó sọ, kò sí ohun tó yẹ kó bà á lẹ́rù. Oríkì Ọya la mú lé e, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ní ká pè é sókè.