Bí Ẹ Ṣe Lè Fọwọ́ Ara Yín Mọ Ohun Tí Ọkàn àti Èémí Yín Ń Ṣe Nígbà Eré Ìdárayá

Bí èèyàn bá sáré díẹ̀, tó wá ń mí hẹlẹhẹlẹ, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń rò ni pé afẹ́fẹ́ ti ń tán nínú ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, ọ́síjìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde kì í fi bẹ́ẹ̀ dín kù nígbà tó bá ń sáré. Ara kì í dúró dìgbà tí nǹkan bá tán kó tó lọ wá òmíràn. Ó ti máa ń gbéra ṣáájú. Ẹ lè rí ẹ̀rí rẹ̀ lára ara yín. Aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá, tàbí fóònù, pẹ̀lú bébà àti bírò ti tó.

1. Ẹ ka bí ọkàn yín ṣe ń lù nígbà tí ara bá sinmi

Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ tẹ́ ọwọ́ kan, kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú sókè, kí ẹ wá fi ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ti ọwọ́ kejì lé ọrùn ọwọ́ yẹn, ní ìhà àtàǹpàkò. Kòtò kékeré kan wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n pé nǹkan kan ń lù lábẹ́ ìka yín. Ẹ má fi àtàǹpàkò kà á, torí iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà ń lù, ẹ sì lè máa kà á mọ́ ọn. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Fún àgbàlagbà, láti 60 sí 100 ni dókítà máa ń retí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ti eléré ìdárayá tó ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀ lè lọ sílẹ̀ tó 40, kó má sì sí aburú kankan níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń ka tiwọn ní ọrùn. Kò burú, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ fọwọ́ kàn, kí ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ara ti ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rọ́ lọ sí orí pẹ̀lú agbára tó. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, ọpọlọ á rò pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ti ga, á sì dẹ ọkàn sílẹ̀. Òòyì lè kọ́ni, èèyàn tiẹ̀ lè dákú.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ nípa ọkàn rèé: ó mọ ara rẹ̀ lù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké kan wà lókè, ní apá ọ̀tún rẹ̀, tó máa ń fi iná mànàmáná kékeré ta á jí. Bí wọ́n bá fi àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí sílẹ̀ fún ara wọn, nǹkan bí ìgbà 100 ni ọkàn ì bá máa lù ní ìṣẹ́jú kan. Iṣan kan tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ, tó ti ìdí ọpọlọ wá, tí wọ́n ń pè ní vagus, ni kì í jẹ́. Bí ìjánu ṣe rí lẹ́nu ẹṣin ni vagus ṣe rí lọ́rùn ọkàn. Torí náà, tí ẹ bá jókòó tí ọkàn yín ń lù ní 70, ẹnì kan ló ń fà á sẹ́yìn lọ́wọ́lọ́wọ́.

2. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín ka èémí

Èyí ò ṣeé dá ṣe dáadáa. Gbàrà tí ẹ bá ti ń fiyè sí èémí yín ló ti máa yí padà, torí pé mímí wà láàárín ohun tí ara ń dá ṣe àti ohun tí a lè fúnra wa darí. Ẹ ní kí ẹnì kan máa wo àyà yín nígbà tí ọkàn yín ò bá sí níbẹ̀, bóyá nígbà tí ẹ bá ń kàwé. Bí àyà bá wú, tó sì wálẹ̀, ẹyọ kan nìyẹn. Láàárín 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan ni ti àgbàlagbà tó sinmi, èémí kọ̀ọ̀kan sì ń gba nǹkan bí ìdajì lítà.

3. Ẹ tún un kà kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀

Ẹ wọ bàtà, ẹ dúró síbi tí ẹ ti fẹ́ sáré, ẹ pinnu pé ẹ ti ń lọ, kí ẹ wá ka ọrùn ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó sábà máa ń ti gòkè. Díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìdìde tí ẹ dìde, àmọ́ ìpinnu yín náà ti dá kún un. Bí ọpọlọ bá ṣe ń múra àtiránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ pé kó gbéra, ló ń ránṣẹ́ sí ibi tó ń bójú tó ọkàn àti mímí. Vagus á dẹ ìjánu, ọkàn á sì yára. Èyí kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ.

4. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì kíyè sí bó ṣe ń gorí ara wọn

Ẹ fi ìṣẹ́jú 5 sí 10 rìn tàbí kí ẹ sáré kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́. Ẹ ó rí i pé mímí máa ń fò sókè lójijì níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, lẹ́yìn náà á wá máa gun òkè díẹ̀díẹ̀, kó tó dúró sójú kan. Fífò àkọ́kọ́ yẹn wá láti ọpọlọ, àti láti oríkèé àti iṣan ẹsẹ̀ tó ń ròyìn fún ọpọlọ pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni ti kẹ́míkà.

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Gáàsì carbon dioxide, tí iṣan ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ló ń darí mímí ju ọ́síjìn lọ. Bó bá pọ̀ díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á kan díẹ̀, ìyẹn ni pé ásíìdì inú rẹ̀ á pọ̀ sí i; ìdí ọpọlọ á mọ̀ ọ́n, á sì ní kí ẹ mí sí i. Àwọn olùṣọ́ mìíràn wà nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ọrùn, tí wọ́n ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò bó ṣe ń kọjá. Torí iṣẹ́ tí Corneille Heymans, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ṣe lórí wọn ni wọ́n ṣe fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1938.

Nítorí èyí gan-an ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni mí kíákíá léraléra kó tó rì wọ inú omi láti lúwẹ̀ẹ́. Mímí bẹ́ẹ̀ kì í fi ọ́síjìn tó ṣe gúnmọ́ kún ti ara. Carbon dioxide ló ń lé jáde. Nígbà tí ọ́síjìn bá wá tán lábẹ́ omi, kò ní sí ohun tó máa ta ọpọlọ lólobó, olúwẹ̀ẹ́ náà á sì dákú láì mọ̀. Èèyàn ti bá a lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún àwọn ọmọ.

Bí eré náà bá le sí i, adrenaline, ìyẹn kẹ́míkà kan tó ń ti orí kíndìnrín wá, pẹ̀lú àwọn iṣan mìíràn tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ, tí wọ́n ń ta ọkàn jí, á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ vagus. Ọkàn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ lítà 5 ní ìṣẹ́jú kan nígbà ìsinmi lè tú tó 20 tàbí 25. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á gba ọ̀dọ̀ iṣan tó ń ṣiṣẹ́ lọ, ti inú ikùn á sì dín kù.

5. Ẹ fi ẹnu dán an wò, kí ẹ tó fi ọwọ́ kà á

Ẹ gbìyànjú àtisọ gbólóhùn gígùn kan. Tí ẹ bá lè sọ ọ́ tán ṣùgbọ́n tí ẹ ò lè kọrin, eré náà mọ níwọ̀n. Tí ó bá di pé ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan ni ẹ ń sọ kí ẹ tó mí, ó ti le. Níbẹ̀, ásíìdì tó ń ti inú iṣan wá ti ń pọ̀, ara sì ń fi mímí lé e. Lójú tèmi, ìdánwò ẹnu yìí dára ju aago ìgbàlódé lọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Fún ti ọwọ́, ẹ dúró díẹ̀, ẹ kà á lójú ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 6. Bí ẹ bá pẹ́, á ti lọ sílẹ̀. Ẹ yọ ọjọ́ orí yín kúrò nínú 220 láti mọ ibi tí ọkàn yín lè lù dé ní ìfojúbù. Ẹni ọdún 40 á rí 180. Eré tó mọ níwọ̀n wà láàárín ìdá 50 sí 70 nínú 100 rẹ̀, ìyẹn 90 sí 126. Èyí tó le wà láàárín ìdá 70 sí 85, ìyẹn 126 sí 153. Ìfojúbù ni o, tẹnì kan lè fi 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó jẹ́ ti ẹ̀yà beta blocker, ọkàn yín ò ní yára tó bẹ́ẹ̀ rárá, torí ó ń dènà adrenaline. Ìdánwò ẹnu ni kí ẹ dì mú. Tí àyà bá ń dùn yín, tí òòyì ń kọ́ yín, tàbí tí ọkàn ń lù ségesège, ẹ dá eré náà dúró, kí ẹ lọ rí dókítà.

6. Ẹ má dúró gbagidi

Nígbà tí ẹ bá ń sáré, iṣan ẹsẹ̀ ń fún ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Bí ẹ bá dúró lójijì, ẹ̀jẹ̀ á kóra jọ sí ẹsẹ̀, ojú lè ṣú. Ẹ máa rìn fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ ka ọkàn gbàrà tí ẹ bá parí eré, kí ẹ tún kà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú 1, bí ẹ ṣe ń rìn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ń sọ bí vagus ṣe tètè gba ìjánu padà tó. Tí kì í bá ju 12 lọ, tó sì ń rí bẹ́ẹ̀ léraléra, ẹ sọ ọ́ fún dókítà yín. Ní ti mímí, ẹ má fòyà tó bá ṣì ń yára lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ ti sinmi. Ara ṣì ń lé carbon dioxide àti ooru jáde.

Ẹ máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pàápàá iye ti àárọ̀ kí ẹ tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ bá ń bá eré ìdárayá lọ láì dáwọ́ dúró, iye yẹn á máa wálẹ̀. Ọkàn tó ń tú mílílítà 70 lẹ́ẹ̀kan ní láti lù ní nǹkan bí ìgbà 72 kó tó pé lítà 5; èyí tó ti lágbára, tó ń tú 100, á fi ìgbà 50 ṣe iṣẹ́ kan náà.