Bí ẹ ṣe lè fi HC-12 so Arduino méjì pọ̀ láìfa wáyà

Tánkì omi wà lórí òpó lẹ́yìn ilé, suwíìṣì pọ́ǹpù wà nínú kíṣìnì. Bọ́ọ̀dù Arduino kan (kọ̀ǹpútà kékeré tí ẹ lè kọ kóòdù sínú rẹ̀) ní láti máa wo omi lókè, kí òmíràn máa tan pọ́ǹpù nísàlẹ̀. Bí ẹ bá fa wáyà láàrin wọn, oòrùn á jẹ ẹ́, eku á jẹ ẹ́, ẹni tó ń gé koríko á sì ṣèèṣì gé e. HC-12 ló máa ń gba irú iṣẹ́ yìí. Rédíò kékeré ni. Ohun tí Arduino bá sọ sí i létí níhìn-ín ni èkejì rẹ̀ máa sọ jáde lọ́hùn-ún, lẹ́tà fún lẹ́tà, àfi bíi pé wáyà ló so wọ́n. Kò béèrè láíbrárì (àkójọ kóòdù) tirẹ̀, ẹ kò sì ní máa mú wọn mọra kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ bíi ti Bluetooth.

Kí ẹ tó náwó, ẹ mọ̀ pé kì í pa àṣírí mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní HC-12 lórí ṣánẹ́ẹ̀lì yín á gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ, ó sì lè dá sí i. Fún omi tánkì, ìyẹn kò ṣe nǹkan. Fún kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, ẹ má lò ó.

Ohun tí ẹ máa kó jọ: HC-12 méjì, Arduino Uno tàbí Nano méjì, dáyóòdù 1N4007 méjì, kapásítọ̀ 100 µF (16 V) méjì, rẹ́sítọ̀ 1 kΩ mẹ́fà, àti wáyà jọ́ǹpà. Nínú ọ̀rá tí wọ́n fi ń tà á, pínnì àti àńtẹ́nà onísípíríǹgì sábà máa ń wà lọ́tọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa fi lẹ́ẹ̀dì jó wọn mọ́ ọn. Ẹ má kàn ki pínnì bọ ihò lásán kí ẹ ní ẹ fẹ́ dán an wò. Wọ́n á kan ara wọn, wọ́n á tún yà, ẹ ó sì fi odindi ọjọ́ wá àṣìṣe nínú kóòdù tí kò ní àbùkù. Ẹ má sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ láìsí àńtẹ́nà lára rẹ̀.

Iná ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yanjú

Ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ní "rédíò yìí ò dáa", iná ni ò dáa. Nígbà tí HC-12 bá ń gbọ́, bíi 16 mA ló ń jẹ. Tó bá fẹ́ fi gbogbo agbára rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó máa ń fà tó 100 mA. Pínnì 3.3 V tó wà lára Uno, 50 mA péré ló lè fún yín. Ti ọ̀pọ̀ Nano olówó pọ́ọ́kú kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ máa rí ni pé ẹ̀rọ náà ń gbọ́ dáadáa, àmọ́ gbàrà tó bá ya ẹnu, iná á wálẹ̀, á kú, á tún jí, pàǹtírí lẹ́tà á sì máa jáde lódì kejì.

Torí náà, pínnì 5V ni kẹ́ ẹ lò. HC-12 lè gba 3.2 V sí 5.5 V, àmọ́ ìwé tí àwọn tó ṣe é kọ sọ pé tí iná bá ti kọjá 4.5 V, kí a fi dáyóòdù 1N4007 sójú ọ̀nà rẹ̀. Dáyóòdù yẹn á jẹ bíi 0.7 V, nǹkan bíi 4.3 V á sì ṣẹ́ kù. Ìlà tó wà lára dáyóòdù ni kó kọjú sí HC-12. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kapásítọ̀ sáàrin VCC (ibi tí iná ti ń wọ HC-12) àti GND (ibi tí iná ń gbà padà), kó sún mọ́ HC-12 dáadáa, kó lè máa fún un ní iná àjẹpamọ́ nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ tó wà ní ìhà ìlà funfun ara rẹ̀ ló ń lọ sí GND. Tẹ́ ẹ bá yí i padà, á wú, ó sì lè bẹ́.

Síso wọn rèé:

- 5V Arduino → 1N4007 → VCC
- GND → GND
- TXD (ẹnu) ti HC-12 → D10
- D11 → 1 kΩ → RXD (etí HC-12). Láti ara RXD yẹn kan náà, 1 kΩ méjì tó tò tẹ̀ léra → GND
- SET (pínnì tí a fi ń yí ètò HC-12 padà): ẹ fi sílẹ̀ ná

Ìdí tí rẹ́sítọ̀ fi wà níbẹ̀ ni pé 5 V ni Arduino fi ń sọ̀rọ̀, 3.3 V sì ni ọpọlọ inú HC-12 ń lò. Rẹ́sítọ̀ mẹ́ta yẹn á sọ 5 V di 3.3 V. Láti ọ̀dọ̀ HC-12 padà sí Arduino, kò sí wàhálà, torí 3 V ti tó kí Uno kà á sí "bẹ́ẹ̀ ni". Ẹni tó bá ń lo ESP32 kò nílò rẹ́sítọ̀ rárá. Kó lo Serial2 tirẹ̀. Lára Uno, ẹ má lo D0 àti D1, torí USB ti gba ibẹ̀.

Kí àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan

Ẹ kó kóòdù yìí sínú Arduino kọ̀ọ̀kan:

```
#include <SoftwareSerial.h>
SoftwareSerial hc12(10, 11); // 10 ń gbọ́, 11 ń sọ

void setup() {
  Serial.begin(9600);
  hc12.begin(9600);
}

void loop() {
  if (Serial.available()) hc12.write(Serial.read());
  if (hc12.available()) Serial.write(hc12.read());
}
```

Ẹ yọ USB. Ẹ fi jọ́ǹpà so SET mọ́ GND, kẹ́ ẹ tó wá dá USB padà. Bó ṣe yẹ kó tẹ̀ léra nìyẹn, torí tí HC-12 bá jí tó bá SET lórí GND, 9600 ni yóò máa sọ, bó ti wù kí ẹ ti yí i padà tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà yìí náà lẹ máa fi gba ẹ̀rọ tí ẹ ti gbàgbé ètò rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ ṣí Serial Monitor (fèrèsé ọ̀rọ̀ inú ètò Arduino lórí kọ̀ǹpútà) lórí 9600, ẹ tẹ `AT`. Á fèsì `OK`. Tí kò bá fèsì, ẹ yí ìparí ìlà láti "No line ending" sí "Both NL & CR"; gbogbo wọn kọ́ ni ìwà wọn bára mu. Ẹ tẹ `AT+RX`, á sì ka ara rẹ̀ fún yín báyìí:

```
OK+B9600
OK+RC001
OK+RP:+20dBm
OK+FU3
```

Bó ṣe máa ń ti ilé iṣẹ́ wá nìyẹn: yíyára 9600, ṣánẹ́ẹ̀lì 1, agbára 100 mW, ìṣe FU3. B (yíyára), C (ṣánẹ́ẹ̀lì) àti FU (ìṣe) gbọ́dọ̀ bára mu lódì méjèèjì. Agbára nìkan ló lè yàtọ̀.

Ṣánẹ́ẹ̀lì 1 ni gbogbo HC-12 tuntun wà, nítorí náà tí ẹlòmíì ládùúgbò bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin pẹ̀lú rẹ̀ lẹ ó jọ máa pariwo. Ṣánẹ́ẹ̀lì 100 ló wà, láti 433.4 MHz dé 473.0, 0.4 MHz láàrin ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló yẹ kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn. Nínú ẹkùn ITU (àjọ àgbáyé tó ń pín ìlà rédíò) tí Áfíríkà àti Yúróòpù wà, 433.05 sí 434.79 MHz ni àyè irú ẹ̀rọ báyìí, C001 dé C004 nìkan ló sì bọ́ síbẹ̀. C005 ti di 435.0. C002 (433.8) tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 433.92 tí ọ̀pọ̀ rìmóòtù géètì àti kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ń lò. C004 ni ká mú:

`AT+C004`

Ní ti agbára, NCC (àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀) ló ni àṣẹ ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlú Ọba, 10 mW ni wọ́n gbà láyè lórí ìlà yìí láìgba láísẹ́ǹsì, P8 (agbára tó ga jù) tó wà lára ẹ̀rọ yìí sì jẹ́ 100 mW. Ẹ tẹ `AT+P4`, ìyẹn 8 dBm, bíi 6 mW. Láti tánkì dé kíṣìnì, ìyẹn sábà máa ń tó.

FU3 ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. FU2 kò jẹ ju 80 µA lọ tó bá ń dúró, àmọ́ kò gbà ju 4800 lọ. FU4 ló ń lọ jìnnà jù, ṣùgbọ́n 1200 ló fi ń sọ̀rọ̀, kò sì fẹ́ ju lẹ́tà 60 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ṣèèṣì tẹ `AT+FU4` á rò pé ẹ̀rọ òun ti kú, torí 9600 ni Arduino rẹ̀ ṣì ń sọ.

Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ yọ SET kúrò lára GND, ẹ jẹ́ kó ṣófo. Ohun tí ẹ bá tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kan á jáde lórí èkejì.

Ọ̀rọ̀ tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin

Afẹ́fẹ́ kì í ṣe wáyà. Lẹ́tà lè sọnù, lẹ́tà àjèjì sì lè yọjú. Ẹni tó bá kàn fi "87" ránṣẹ́ lè rí "7" gbà lódì kejì, kí pọ́ǹpù sì gbà pé tánkì ti kún. Bí ó ṣe yẹ kẹ́ ẹ kọ ọ́ rèé:

`<T1,87,32>`

`<` ni ìbẹ̀rẹ̀, `>` ni òpin. T1 ni tánkì àkọ́kọ́. 87 ni iye sẹ̀ǹtímítà láti ojú sáńsò tó ń wo omi dé ojú omi. 32 ni ẹ̀rí: ẹ ṣírò iye ASCII (nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà) ti `T1,87` pọ̀ (84 + 49 + 44 + 56 + 55 = 288), ẹ yọ 256 kúrò. Ẹni tó gbà á á tún ìṣirò yẹn ṣe. Tí kò bá bára mu, kó da ọ̀rọ̀ náà nù, kó dúró de òmíràn. Tí ẹ bá ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 10 síra, tí ọ̀kan bá sọnù, kò sí àdánù.

HC-12 kò lè sọ̀rọ̀ kó tún máa gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí ti orí tánkì nìkan máa dá sọ̀rọ̀, kí ti ìsàlẹ̀ máa tẹ́tí. Tí `delay(1000)` (ìdúró ìṣẹ́jú àáyá kan) bá wà nínú kóòdù ti ìsàlẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò. Àpò SoftwareSerial kò gbà ju lẹ́tà 64 lọ. Lórí 9600, ọ̀rọ̀ tó ń wọlé léraléra á kún un láàrin nǹkan bí 67 ms, ìyókù á dànù.

Ìjìnnà

Ẹ má gbé méjèèjì síra lórí tábìlì kẹ́ ẹ fi P8 dán wọn wò. Ariwo ọ̀kan á di èkejì létí. Ẹ lo P1 (agbára tó kéré jù) lórí tábìlì, tàbí kẹ́ ẹ gbé èkejì lọ sí yàrá kejì.

Tí kò bá jìnnà tó, àńtẹ́nà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, kì í ṣe agbára. Ẹ yọ sípíríǹgì, ẹ jó wáyà gbọọrọ tó gùn ní 17.3 cm síbẹ̀, kó nàró lódì méjèèjì. Ẹ gbé e kúrò nítòsí òpó irin tánkì. Tí páànù òrùlé bá wà láàrin àwọn méjèèjì, ẹ gbé èyí tó wà nísàlẹ̀ sún mọ́ fèrèsé. Tó bá ṣì kù díẹ̀, ẹ tẹ `AT+B2400` lódì méjèèjì, kẹ́ ẹ sì yí `hc12.begin` sí 2400. Yíyára inú afẹ́fẹ́ á bọ́ láti 15,000 sí 5,000 bps (bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan), etí rẹ̀ á sì mú sí i.

Tí pọ́ǹpù bá ti wọ̀ ọ́

Ohun gbogbo á máa ṣiṣẹ́ lórí tábìlì, tó bá di pé pọ́ǹpù tan, Arduino á rístáàtì. Ariwo mọ́tò ló ń gba inú iná wọlé. Ẹ fún rílé (suwíìṣì tí Arduino ń tan) ní iná tirẹ̀ lọ́tọ̀. Rílé kékeré aláwọ̀ búlúù tí wọ́n kọ 10 A sí lára kò sì lè gbé pọ́ǹpù 1 hp fúnra rẹ̀: tó bá ti ń yí, bíi 5 A ló ń fà, àmọ́ nígbà tó bá ń gbéra, á fà ju ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn lọ. Kí rílé tan kọ̀ńtákítọ̀ (suwíìṣì ńlá tó lè gbé mọ́tò), kí kọ̀ńtákítọ̀ tan pọ́ǹpù, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ iná sì so ibi 230 V.

Kóòdù ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ pa pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ tí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tó péye fún ìṣẹ́jú kan. Bátìrì orí tánkì lè kú nígbà tí pọ́ǹpù wà ní títàn.

```
if (millis() - igbaGbo > 60000UL) digitalWrite(7, HIGH);
```

`igbaGbo`, irú `unsigned long`, ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ tó péye wọlé kẹ́yìn; 7 ni pínnì tí rílé wà. HIGH ló ń pa ọ̀pọ̀ rílé wọ̀nyí, LOW ló ń tan wọ́n. Torí náà nínú `setup`, ẹ kọ `digitalWrite(7, HIGH)` ṣáájú `pinMode(7, OUTPUT)`. Tẹ́ ẹ bá yí méjèèjì sódì, pọ́ǹpù á ta kìjí nígbàkúùgbà tí iná bá dé.