Bí A Ṣe Lè Gba Olùrànlọ́wọ́ Àdáni fún Àkàndá Ọmọ ní Ilé-Ìwé Amẹ́ríkà

Ní ìpàdé àkọ́kọ́ tí mo lọ nítorí ọmọ mi ní ilé-ìwé ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ Maryland, ènìyàn mẹ́fà ni ó jókòó sí apá kejì tábìlì, èmi nìkan ni mo sì wà ní apá tèmi. Mo sọ ohun tí ó wà lọ́kàn mi, pé ọmọ yìí nílò ẹni tí yóò máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n fetí sí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n ní olùrànlọ́wọ́ ti wà nínú kíláàsì náà fún gbogbo ọmọ, a sì bọ́ sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Odindi ọdún kan ni ó gbà mí kí n tó mọ ibi tí mo ti ṣì í. Ènìyàn ni mo béèrè. N kò fi ohun kan ṣoṣo hàn wọ́n tí ọmọ náà kò lè ṣe bí ènìyàn náà kò bá sí níbẹ̀. Fún àwọn òbí tí ó wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń wá ẹni tí ilé-ìwé ń pè ní one-to-one aide, orí ìyàtọ̀ yìí ni ohun gbogbo dúró lé.

Òfin ìjọba àpapọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà wà lábẹ́ rẹ̀ ni IDEA, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1975 pẹ̀lú orúkọ mìíràn, tí wọ́n sì fún ní orúkọ tí ó ń jẹ́ báyìí ní ọdún 1990. Ó fún ọmọ tí ó ní ìpèníjà ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bá àìní rẹ̀ mu, ó sì pàṣẹ pé kí ilé-ìwé kọ ètò ẹ̀kọ́ àdáni fún un, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí IEP. Òfin náà kò sọ pé nítorí pé ọmọ ní autism tàbí Down syndrome, ó gbọ́dọ̀ ní olùrànlọ́wọ́ tirẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé ilé-ìwé gbọ́dọ̀ pèsè àwọn ìrànlọ́wọ́ àfikún, tí ìwé wọn ń pè ní supplementary aids and services, kí ọmọ náà lè kẹ́kọ̀ọ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò ní ìpèníjà dé ibi tí ó bá ṣeé ṣe dé. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni olùrànlọ́wọ́ àdáni ń gbà wọlé, nítorí náà orúkọ àìlera kì í ṣe ẹ̀rí tó. Àìní ọmọ gan-an ni ẹ̀rí. Ní ọdún 2017, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ nínú ẹjọ́ Endrew F. pé ètò náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọmọ lè fi tẹ̀síwájú ní ìwọ̀n tí ó yẹ ipò rẹ̀, pé ìtẹ̀síwájú bíńtín kò tó. Ẹ rántí ẹjọ́ náà bí wọ́n bá fi "ó ń gbìyànjú" pa yín lẹ́nu mọ́. Nítorí mo sì mọ ẹ̀rù tí ó máa ń ba àwọn ènìyàn wa, mo fi kún un pé ìwé ìgbélùú kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí: láti ọdún 1982, nínú ẹjọ́ Plyler v. Doe, ni ilé-ẹjọ́ kan náà ti sọ pé ìpínlẹ̀ kò lè ti ilẹ̀kùn ilé-ìwé ìjọba mọ́ ọmọ tí kò ní ìwé.

Gbogbo ìbéèrè yín ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ọjọ́ sí i, nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹ bá olùkọ́ sọ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ẹ wá mú ọmọ kò sí nínú fáìlì ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ kò bá tíì ní IEP, lẹ́tà àkọ́kọ́ ni èyí tí yóò béèrè pé kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda, òfin fún wọn ní ọjọ́ 60, àfi bí ìpínlẹ̀ yín bá ní iye ọjọ́ tirẹ̀. Bí ó bá ti ní IEP, ẹ kò ní láti dúró de ìpàdé ọdọọdún kí ẹ tó kọ̀wé pé ẹ fẹ́ jíròrò lórí olùrànlọ́wọ́. Nínú lẹ́tà kan náà, ẹ béèrè gbogbo àkọsílẹ̀ tí wọ́n ní nípa ọmọ náà, títí kan ti nọ́ọ̀sì. Wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ rí i ṣáájú ìpàdé, kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 45 lọ.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni àkọsílẹ̀ tiyín. Ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ pín ọjọ́ ilé-ìwé sí ọ̀nà bí ọmọ ṣe ń lò ó: ìgbà tí ó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ìgbà ìwé kíkà, ìgbà oúnjẹ, ìgbà eré, ìgbà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìgbà tí wọ́n ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe, ohun tí ó ṣe, ẹni tí ó ràn án lọ́wọ́ àti ìṣẹ́jú tí ó gbà. Èyí tí ẹ kò fojú ara yín rí, ẹ fi ímeèlì kúkúrú béèrè lọ́wọ́ olùkọ́, nítorí ìdáhùn rẹ̀ yóò di ẹ̀rí láti ọwọ́ ilé-ìwé fúnra rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìwé tèmi ti ní irú ọ̀rọ̀ báyìí: ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó jáde nínú yàrá oúnjẹ láìsí ẹni tí ó mọ̀, akọ̀wé ni ó rí i lẹ́bàá ilẹ̀kùn ìta lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin. Gbólóhùn yẹn ṣe iṣẹ́ tí ẹkún mi kò lè ṣe ní ọdún kan.

Àìní tí ó jẹ mọ́ ààbò ni wọ́n máa ń tètè gbọ́: ọmọ tí ó ń sá jáde, tí ó ń ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe, tí wárápá ń mú, tí oúnjẹ lè há lọ́fun. Èyí tí ó ṣòro jù láti fi múlẹ̀ ni ti ọmọ tí ó jókòó jẹ́ẹ́, tí kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ṣùgbọ́n tí kò kọ lẹ́tà kan ṣoṣo láti àárọ̀ bí kò bá sí ẹni tí ó pe ọkàn rẹ̀ padà. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ kó iṣẹ́ tí ó ṣe nígbà tí ẹnìkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jọ, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ó ṣe nígbà tí ó dá wà. Lẹ́tà dókítà náà wúlò, ṣùgbọ́n dókítà kò lè kọ olùrànlọ́wọ́ fún ilé-ìwé bí ó ṣe ń kọ oògùn, nítorí ìgbìmọ̀ IEP ni ó ń pinnu. Ẹ ní kí ó ṣàlàyé ewu tí ó wà àti ohun tí àgbàlagbà gbọ́dọ̀ máa ṣe nípa rẹ̀.

Níhìn-ín ni àwa òbí Yorùbá ti máa ń ṣe ara wa léṣe. Bí wọ́n bá bi wá bóyá ọmọ lè wọ aṣọ fúnra rẹ̀, a óò ní ó ń gbìyànjú, a dúpẹ́, nítorí a kò fẹ́ fi ẹnu ara wa bu ọmọ wa kù, àti nítorí pé ó ti pẹ́ tí a ti ń ṣe é fún un débi pé a kò rí i bí iṣẹ́ mọ́. Màmá àgbà ń fi ṣíbí bọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bá a di okùn bàtà, kò sì sí ẹni tí ó ka èyíkéyìí nínú wọn sí ìrànlọ́wọ́. Wọn óò kọ ọ́ sílẹ̀ pé òbí sọ pé ọmọ ń wọ aṣọ, ó parí. Kí ẹ tó lọ sí ìpàdé, ẹ ka iye ọwọ́ tí ó kan ọmọ náà láàárọ̀ ọjọ́ kan kí ó tó jáde nílé, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ilé-ìwé yóò sọ pé olùrànlọ́wọ́ yóò sọ ọmọ di ẹni tí kò lè dá dúró. Ẹ má ṣe bínú sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Mo ti rí olùrànlọ́wọ́ tí ó ń bá ọmọ kọ iṣẹ́, tí ó ń dáhùn fún un, tí ó sì jókòó sí àárín òun àti àwọn ọmọ yòókù títí tí ẹnikẹ́ni kò fi bá a ṣeré mọ́. Ìdáhùn tí ó dára jù ni kí ẹ fúnra yín gbé ètò ìdínkù wá: pé bí ọmọ bá ti ń ṣe ohun kan fúnra rẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin nínú márùn-ún fún oṣù kan, kí olùrànlọ́wọ́ sún sẹ́yìn nídìí ohun náà, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Òbí tí ó bá dábàá èyí ti já ohun ìjà tí ó mú jù gbà lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá sọ pé kò sí owó, tàbí pé àwọn kì í fún ẹnikẹ́ni ní irú rẹ̀ ládùúgbò àwọn, ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀. Àìní ọmọ kan ni ètò àdáni gbọ́dọ̀ dúró lé, kì í ṣe àṣà àdúgbò.

Ẹ má ṣe dá lọ sí ìpàdé. Òfin gbà yín láàyè láti mú ẹni tí ó mọ ọmọ náà dáadáa lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ màmá àgbà. Bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá dán mọ́rán lẹ́nu yín, ilé-ìwé ni ó gbọ́dọ̀ wá ògbufọ̀ Yorùbá, kì í ṣe kí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà máa túmọ̀. Ìtẹríba wa dára, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún orí tí a máa ń mì láti bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀, nítorí lójú wọn, ẹ ti gbà nìyẹn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ buwọ́ lùwé, ẹ béèrè bóyá ti wíwá sí ìpàdé ni tàbí ti ìfaramọ́. Ẹ tẹ àníyàn yín sí ojú ìwé kan láti ilé, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi sínú IEP ní abala tí ó jẹ́ ti òbí.

Bí wọ́n bá gbà, ẹ wo gbólóhùn tí wọ́n kọ, nítorí ibẹ̀ ni olùrànlọ́wọ́ ti máa ń sọnù. "Adult support as needed", ìyẹn ìrànlọ́wọ́ àgbàlagbà nígbà tí ó bá yẹ, lè jẹ́ ẹnìkan fún ọmọ mẹ́wàá. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ti ọmọ yìí nìkan ni, kí wọ́n kọ aago tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí yóò parí, gbogbo ibi tí yóò bá a dé, bóyá inú bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ tí ẹni náà gbọ́dọ̀ ti gbà, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí kò bá wá síṣẹ́. Ẹ kò lè yan ẹni tí ẹ fẹ́. Ilé-ìwé ni ó ń yàn.

Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ kọ̀wé béèrè Prior Written Notice, ìwé tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi sọ ohun tí wọ́n kọ̀, ìdí rẹ̀ àti àyẹ̀wò tí wọ́n gbé e lé. Bí ẹ kò bá fara mọ́ àyẹ̀wò náà, ẹ lè béèrè òmíràn láti ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, kí wọ́n sì san owó rẹ̀, àfi bí wọ́n bá lọ fi hàn níwájú adájọ́ pé tiwọn péye. Ìlàjà wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìfisùn sí ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ lórí ohun tí kò tíì ju ọdún kan lọ. Due process, tí ó rí bí ilé-ẹjọ́, ni kí ẹ rò dáadáa kí ẹ tó wọ̀: ní ọdún 2005, nínú ẹjọ́ Schaffer v. Weast, tí ó ti Montgomery County ní Maryland níhìn-ín lọ, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ẹni tí ó bá pẹjọ́ ni yóò ru ẹrù ẹ̀rí. Ìwé kékeré yẹn ni ẹ óò tẹ́ síwájú adájọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé olùrànlọ́wọ́ tí ó ti wà nínú IEP ni wọ́n fẹ́ yọ, ẹ tètè pẹjọ́, nítorí òfin ní kí ohun gbogbo dúró bí ó ṣe wà títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ibùdó tí ìjọba àpapọ̀ ń fún lówó láti tọ́ òbí sọ́nà. Ti wa ni The Parents' Place of Maryland.

Ní ọjọ́ tí olùrànlọ́wọ́ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ fún un ní ojú ìwé kan: ohun tí ó máa ń ba ọmọ lẹ́rù, ohun tí ó ń tù ú, oúnjẹ tí kò gbọdọ̀ jẹ, àti àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó wà lẹ́nu rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ mi fi ń sọ "ó tó" ní yàrá oúnjẹ, tí obìnrin náà sì ń bu kún un, kí n tó rántí láti kọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un.