Kí ẹ tó lọ ṣègbéyàwó ní Páfọ́ọ̀sì

Alága ìjókòó ni mí ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti Peckham dé Thamesmead, àwọn ìyá ìyàwó mọ ohùn mi. Lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, ìbéèrè táwọn ọmọ wa ń gbé wá bá mi ti yí padà: "Mọ́mì Alága, Sáípúrọ́ọ̀sì la fẹ́ ti ṣe é, létí òkun ní Páfọ́ọ̀sì. Níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀?" Ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ṣe ìdána yín tán, ní Nàìjíríà tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú.

Ìdí rẹ̀ pọ̀. Àwọn tí àdúrà wọn ṣe pàtàkì jù lórí yín, bàbá àgbà, ìyá àgbà, àwọn ìyàwó ilé, àwọn gan-an ni físà máa ń ṣòro fún jù. Ẹrù ìdána fúnra rẹ̀ kò rọrùn láti kó wọ erékùṣù yẹn. Òfin European Union, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí Sáípúrọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, kò gba kí arìnrìn-àjò gbé ẹran tàbí wàrà wọlé látìta, ìta sì ni wọ́n ka Lọ́ńdọ̀nù sí báyìí. Iṣu tútù, obì àti orógbó ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí pé kòkòrò kò sí lára wọn. Wọ́n máa gba oyin tí kò ju kílò méjì lọ, ṣùgbọ́n oyin nìkan kò lè ṣe ìdána. Tí ìdílé méjèèjì bá ti jókòó, tí ìyàwó ti kúnlẹ̀ gbàdúrà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bínú pé òun ò dé etí òkun.

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ti orúkọ àlejò. Kì í ṣe iye wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà o, irú páálí (pásípọ́ọ̀tì) tí kálukú ní ni kí ẹ wò. Ẹni tó ní páálí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò nílò físà fún ìbẹ̀wò ráńpẹ́. Ẹni tó ní ti Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà, ì báà ti gba ìwé ìgbélùú títí ayé ní Lọ́ńdọ̀nù. Sáípúrọ́ọ̀sì ti wà nínú European Union láti 2004, Yúrò ni wọ́n sì ń ná láti 2008. Ó ti ń múra láti wọ Schengen náà, ìyẹn àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí físà kan ṣoṣo ń kárí wọn, nítorí náà ẹ wo òfin tó wà nílẹ̀ lásìkò tí ẹ̀yin fẹ́ lọ, ẹ má fi ti ọ̀rẹ́ yín tó lọ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn ṣe. Ẹ fún àwọn àlejò yín ní oṣù mẹ́fà, ó kéré tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Láti 1974 ni erékùṣù yẹn ti pín sí méjì. Tọ́kì nìkan ló ka apá àríwá sí orílẹ̀-èdè, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń kàwé, ní Lefkoşa àti Girne. Páfọ́ọ̀sì wà ní gúúsù. Ìjọba gúúsù kò ka pápákọ̀ òfuurufú Ercan tó wà lápá àríwá sí ojú ọ̀nà tó bófin mu. Tí àbúrò ọkọ bá ń kàwé lápá àríwá, ẹ má sọ fún un pé kó kàn wọ takisí wá bá yín. Wọ́n lè dá a padà lójú ààlà, ó sì lè bá ọ̀ràn mìíràn pàdé níbẹ̀. Kó lọ bèèrè físà gúúsù, kó sì gba Láńákà tàbí Páfọ́ọ̀sì wọlé. Bákan náà ni tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tó gba Istanbul lọ sí Ercan: bí ẹnikẹ́ni bá rà á, ẹ ní kó dá a padà kíá. LCA (Láńákà) tàbí PFO (Páfọ́ọ̀sì) ni kó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọ́fíìsì ìjọba ìlú ló ń so tọkọtaya pọ̀ lábẹ́ òfin. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa yọjú pẹ̀lú páálí, ìwé ọjọ́ ìbí, àti ìwé tó fi hàn pé ẹ ò sí nílé ọkọ tàbí aya kankan. Ẹni tó ti kọra sílẹ̀ rí máa mú ìdájọ́ kóòtù wá. Opó máa mú ìwé ikú ẹni tó lọ. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ kí ẹ dúró ọjọ́ 15, ẹ sì lè san owó tó ju ìlọ́po méjì lọ kí ó yá. Èyí tó yá ni ẹni tó ti òkè òkun wá sábà máa ń gbà. Ibi tí mo ti máa ń rí wàhálà jù ni orúkọ. "Oluwaseun" wà nínú ìwé ọjọ́ ìbí, "Seun" wà nínú páálí. Òṣìṣẹ́ tí kò gbọ́ Yorùbá kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Ẹ tún un ṣe nílé, kí ẹ sì fi ẹ̀dà gbogbo ìwé ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì náà ṣáájú.

Oṣù Karùn-ún tàbí oṣù Kẹwàá ni kí ẹ mú. Nínú oṣù Keje àti Kẹjọ, oòrùn ibẹ̀ kò gba agbádá.

Ọ̀rọ̀ aṣọ wá kàn. Ẹ bẹ aláṣọ òkè Ìsẹ́yìn kó hun èyí tó fẹ́lẹ́. Inú yàrá tí ẹ́síì wà ni kí ẹ ti wé gèlè, nítorí òógùn iwájú orí máa ń mú kó yọ̀. Etí gèlè tó bá tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀ ni afẹ́fẹ́ òkun máa kọ́kọ́ gbé, torí náà ẹ wé e kó sún mọ́ orí, kí ẹ fi píìnì méjì mú un lẹ́yìn. Ẹ mú sálúbàtà pẹlẹbẹ dání fún fọ́tò ní Petra tou Romiou, níbi tí àwọn Gíríìkì ní Áfúródáítì, òrìṣà ìfẹ́ wọn, ti jáde látinú òkun. Òkúta wẹ́wẹ́ ló kún etí omi ibẹ̀, bàtà gogoro kò lè dúró.

Àwọn ìyá wa onígbàgbọ́ máa ń fẹ́ràn ṣọ́ọ̀ṣì Agia Kyriaki ní Páfọ́ọ̀sì. Òpó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ ní ibẹ̀ ni wọ́n ti na Pọ́ọ̀lù. Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 13 fún wọn kí ẹ tó dé ibẹ̀.

Fún àríyá, ẹ bi hòtẹ́ẹ̀lì léèrè aago tí orin ìta gbọ́dọ̀ dákẹ́ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì tètè bẹ̀rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì ibẹ̀ bá ti Lọ́ńdọ̀nù àti ti Nàìjíríà mu, ẹ̀rọ DJ kò ní ṣòro. Fún owó níná, Yúrò márùn-ún ni bébà tó kéré jù; ẹ pààrọ̀ dọ́là kọ̀ọ̀kan wá láti ilé, inú gbọ̀ngàn sì ni kí wọ́n ti ná an, kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Ẹni tó bá gbé tó €10,000 dání gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù.

Kí ẹ tó padà sílé, ẹ gba ju ẹ̀dà kan ìwé ìgbéyàwó lọ, kí ẹ sì bèèrè bí wọ́n ṣe ń lu òǹtẹ̀ apostille, èyí tó ń jẹ́rìí sí ìwé fún lílò nílẹ̀ òkèèrè, sí i ní Nicosia, olú ìlú wọn. Ó rọrùn láti ṣe é nígbà tí ẹ ṣì wà níbẹ̀.