Bí a ṣe ń gbé ẹ́ńjìnnì LS3 sínú Camaro 1969 láì ba ọkọ̀ náà jẹ́

Ní ọdún 1969, Camaro 69 péré ni Chevrolet ṣe tó ní ẹ́ńjìnnì ZL1 nínú. Lítà 7 ni ẹ́ńjìnnì ọ̀hún, agbára ẹṣin 430 ni wọ́n sì kọ sílẹ̀ fún un. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá gbé ìyẹn lè ra irú mọ́tò kan náà tó ní sìlíńdà 6, tí agbára rẹ̀ kò ju 140 lọ. LS3, ẹ́ńjìnnì V8 (onísìlíńdà mẹ́jọ) tó bá Corvette ọdún 2008 jáde, kò ju lítà 6.2 lọ, ó sì ní agbára ẹṣin 430 tirẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà wọn àwọn 430 méjèèjì kò dọ́gba o: láyé ZL1, wọ́n máa ń yọ àwọn ohun tí ẹ́ńjìnnì ń yí nínú ọkọ̀ kúrò kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n LS3 ru tirẹ̀ pé. Lẹ́yìn náà, ó ń ṣáná láàárọ̀ òtútù láì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń gbé e sínú ọkọ̀ àtijọ́.

Ọ̀pọ̀ rò pé gbígbé ẹ́ńjìnnì sọ̀ kalẹ̀ sínú bónẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́. Ọjọ́ kan péré nìyẹn. Epo, omi, iná àti bíréèkì ni iṣẹ́, àwọn ni wọ́n sì ń sọ ọkọ̀ di ohun tí wọ́n da tapólì bò sí ẹ̀yìnkùlé.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan sípánà

Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ọkọ̀. Tó bá jẹ́ V8, ó wà ní iwájú bọ́lọ́ọ̀kù lápá ọ̀tún, níbi tó tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ orí sìlíńdà. Bí nọ́ńbà náà bá bá ti ọkọ̀ mu, a jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bí i mọ́ ló ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi ọ́ìlì pa á lára, ẹ wé e, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ pa mọ́. Ẹ má tà á. Ẹ má sì fi ayùn kan ara ọkọ̀ náà. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni a lè fi bóòtù dè, tí a sì tún lè tú lọ́jọ́ iwájú, torí ohun tí ẹ bá ti fi ayùn gé kò ní padà sí bó ṣe wà mọ́.

Ẹ bi ìjọba ìpínlẹ̀ yín léèrè òfin èéfín pẹ̀lú. Ní California, ọkọ̀ ọdún 1975 sẹ́yìn bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò èéfín, àmọ́ ìpínlẹ̀ kò jọra.

Yíyan ẹ́ńjìnnì

Chevrolet ti ta LS3 tuntun nínú àpótí, pẹ̀lú wáyà àti ọpọlọ rẹ̀, fún irú iṣẹ́ yìí gan-an. Bí owó kò bá tó, ẹ lọ wo ọgbà tí wọ́n ń kó ọkọ̀ tó ti ní ìjàǹbá sí. Ẹ́ńjìnnì lítà 5.3 tó wà nínú Silverado láti ọdún 1999 àti Tahoe láti ọdún 2000, ọkọ̀ ńlá Chevrolet ni méjèèjì, jẹ́ mọ̀lẹ́bí LS, ìdílé tí LS3 ti wá. Irin ni bọ́lọ́ọ̀kù ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó wúwo ju alumíníọ̀mù ti LS3 lọ, agbára rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 270, ṣùgbọ́n kì í tètè kú. Ẹni tó bá ti ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ rí ní Ládípọ̀ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ: ẹ rà á pé. Wáyà rẹ̀, brain box rẹ̀, pẹ́dàlì rẹ̀, gbogbo sẹ́ńsọ̀ rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá yọ kúrò lára rẹ̀ ni yóò gba owó àti oorun lójú yín.

Sọ́ọ̀mpù ọ́ìlì

Nígbà tí ẹ bá ti yọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́, tí ẹ sì ti fọ inú bónẹ́ẹ̀tì, sọ́ọ̀mpù, ìyẹn abọ́ tó ń gba ọ́ìlì lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ti Tahoe jìn jù, yóò máa gbá ilẹ̀. Ti Corvette fẹ̀ jù, kò ní gba àárín irin iwájú kọjá. Èyí tó bá ààyè Camaro àtijọ́ mu ni ti Camaro ọdún 1998 sí 2002, tàbí èyí tí Chevrolet àti Holley, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà ọkọ̀, ṣe nítorí irú ọkọ̀ báyìí.

Bí ẹ bá ti pààrọ̀ sọ́ọ̀mpù, ẹ pààrọ̀ páìpù tó ń fa ọ́ìlì sókè nínú rẹ̀ àti ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì. Òrùka rọ́bà kékeré kan wà lórí páìpù náà. Ẹ ra tuntun, ẹ fi ọ́ìlì pa á, kí ẹ sì fi sùúrù tì í wọlé. Bí ó bá gé tàbí tí ó ká, páńpù yóò máa fa afẹ́fẹ́ dípò ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì tí ẹ fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là rà yóò sì jẹ ara rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Rọ́bà tí kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán kan nìyẹn.

Síítì ẹ́ńjìnnì àti gíà

Bóòtù mẹ́ta ló ń di síítì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì àtijọ́, mẹ́rin ni ti LS. Wọ́n ń ta àwo irin pẹlẹbẹ tó ń so méjèèjì pọ̀, tí síítì àtijọ́ yóò sì jókòó lé lórí. Ẹ gbé e sí i, ẹ sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, kí ẹ wo bóyá sọ́ọ̀mpù kan irin, kí ẹ tún gbé e jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò wọlé tí yóò jáde, ẹ má bínú.

Ní ti gíà, T56 onígíà mẹ́fà ni mo fẹ́ràn jù. Gíà àtijọ́ ṣì lè so mọ́ LS, nítorí ojú bóòtù wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu, ṣùgbọ́n ìdí kírááńkì LS kúrú, nítorí náà ẹ nílò òrùka irin tí yóò dí àlàfo náà. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn gíà tẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bíi dígírì 3, kí iwájú dífà (gíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn) sì gbé orí sókè níwọ̀n kan náà. Bí igun méjèèjì kò bá dọ́gba, ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n ní ojú ọ̀nà márosẹ̀.

Bẹ́líìtì àti àwọn púlì rẹ̀: ti Corvette ló sún mọ́ ẹ́ńjìnnì jù, ti Tahoe ló jìnnà jù, ti Camaro wà láàárín. Ẹ má dà wọ́n pọ̀.

Epo

Páńpù epo ọkọ̀ àtijọ́ so mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. LS kò ní ààyè fún irú páńpù bẹ́ẹ̀. Kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ nínú ọkọ̀ àtijọ́ ń fẹ́ psi 5 sí 7 (psi ni ìwọ̀n agbára tí epo fi ń tì), LS3 ń fẹ́ 58. Rọ́bà epo àtijọ́ kò lè gba irú agbára yẹn, iná ni yóò sì ti ibẹ̀ wá.

Ẹ ra tánkì tuntun tí páńpù oníná wà nínú rẹ̀, tí ó sì ní ògiri kéékèèké nínú kí epo má baà máa sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ẹ bá ń ṣẹ́ kọ́nà. Fílítà Corvette ọdún 1999 máa ń dá epo tó pọ̀ jù padà sí tánkì, ó sì ń di psi 58 mú fúnra rẹ̀, tí ẹ kò fi ní nílò páìpù méjì títí dé iwájú. Ẹ ra rọ́bà tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì onínọ́ọ̀sù. Ẹ gbé ẹ̀rọ paná sítòsí.

Omi

LS ní páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan lókè orí sìlíńdà, òun ló ń tú ooru omi tó bá há síbẹ̀ jáde. Àwọn kan máa ń dí i pa torí pé rédíétọ̀ wọn kò ní ojú ihò fún un. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ so ó mọ́ òkè rédíétọ̀ tàbí mọ́ páńpù omi, kí ẹ lo rédíétọ̀ alumíníọ̀mù, kí ẹ sì jẹ́ kí ọpọlọ ẹ́ńjìnnì máa tan fáànù fúnra rẹ̀.

Iná

Ibí yìí ni ẹ̀rù ti ń ba ènìyàn, àmọ́ tí wáyà bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ìparọ̀ ẹ́ńjìnnì, nǹkan díẹ̀ ni yóò béèrè lọ́wọ́ ọkọ̀: iná tí kì í kú láti bátìrì, iná tó ń wá nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ṣí, èyí tó ń lọ sí páńpù epo, èyí tó ń lọ sí fáànù, àti ilẹ̀ (ohun tí àwọn rìwáyà ń pè ní earth). Ilẹ̀ ni mo fẹ́ tẹnu mọ́. Ẹ so orí négétífù bátìrì mọ́ bọ́lọ́ọ̀kù, bọ́lọ́ọ̀kù mọ́ irin ìsàlẹ̀, irin ìsàlẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, kí ẹ sì ha ọ̀dà kúrò níbi tí wáyà bá ti kàn án. Àìrí ilẹ̀ dáadáa máa ń mú kí sẹ́ńsọ̀ purọ́, àwọn rìwáyà á sì máa pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, ẹ ní kí wọ́n yọ ìdènà olè kúrò nínú brain box, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní jó. LS3 kò ní wáyà irin tó ń so pẹ́dàlì mọ́ ẹ́ńjìnnì, nítorí náà pẹ́dàlì tirẹ̀ gan-an ni ẹ gbọ́dọ̀ lò.

Bíréèkì ṣáájú eré

Ọ̀pọ̀ Camaro 1969 jáde pẹ̀lú bíréèkì onílù níwájú. Ẹ má fi 430 sí ẹ̀yìn irú bíréèkì bẹ́ẹ̀. Ẹ fi dísíìkì síwájú, kí ẹ sì yẹ dífà ẹ̀yìn ọkọ̀ wò: èyí tó ní bóòtù 10 kò ní pẹ́ fọ́, ti bóòtù 12 tàbí Ford oní-ínǹṣì 9 ni kí ẹ wá.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò jó

Ẹ rọ ọ́ìlì, ẹ yọ pílọ́ọ̀gì, ẹ gé iná páńpù epo, kí ẹ máa fi sítátà yí i títí gééjì ọ́ìlì yóò fi gòkè. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́ kí páńpù lè kún, kí ẹnì kan sì wo abẹ́ ọkọ̀ fún epo tó ń kán. Nígbà tó bá jó, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo gééjì ọ́ìlì, ẹ wo ooru, kí ẹ dúró títí fáànù yóò fi tan fúnra rẹ̀. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, ẹ bu omi kún un, kí ẹ sì tún bóòtù sàlẹ́ńsà fún lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀la ni kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò fi kọ̀ǹpútà tún ọpọlọ rẹ̀ ṣe, kí ẹ rọra wà á débẹ̀.