Títún Ìdúró Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Ṣe Pẹ̀lú Sípésà

Ẹni tí ó bá ń ṣàkíyèsí ọkọ̀ ní Òpópónà Ọba Adésidá ní Àkúrẹ́ yóò ti rí i pé ọ̀pọ̀ Corolla àti Camry ni táyà wọn wọnú, tí etí fẹ́ńdà sì yọ síta bí òrùlé tí ó gùn ju ògiri lọ, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ wà tí ẹ̀gbẹ́ táyà wọn àti etí fẹ́ńdà jọ gún régé. Lọ́pọ̀ ìgbà, sípésà ni ó fa ìyàtọ̀ yìí, èyí tí í ṣe àwo róbótó kan tí a sábà máa ń fi alumíníọ́mù ṣe, tí a ń fi sáàárín họ́ọ̀bù (irin tí a ń de ríìmù mọ́) àti ríìmù láti ti táyà síta. Ẹwà nìkan kọ́ ni ó wà fún. Ẹni tí ó ra ríìmù tòkunbọ̀ tí inú rẹ̀ ń ha ṣọ́ọ̀kì lára nílò rẹ̀ ju ẹni tí ó kàn fẹ́ kí ọkọ̀ òun fani mọ́ra lọ.

Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tà á, ẹ kọ́kọ́ wọn ọkọ̀ yín. Ẹ gbé e sí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí ẹ jẹ́ kí táyà iwájú kọjú síwájú gan-an, kí ẹ so nọ́ọ̀tì kan tí ó wúwo mọ́ ìdí okùn tín-ín-rín gẹ́gẹ́ bí àwọn bíríkìlà ti ń ṣe nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ògiri dúró ṣánṣán, kí ẹ sì jẹ́ kí okùn náà rọ̀ wálẹ̀ láti etí fẹ́ńdà. Ẹ fi rúlà wọn àlàfo tí ó wà láàárín okùn àti ibi tí ẹ̀gbẹ́ táyà ti yọ síta jù lọ. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ wọ̀n, nítorí pé ọkọ̀ tí ó ti ní jàǹbá rí kì í sábà dọ́gba lọ́tùn-ún àti lósì. Apá tí àlàfo rẹ̀ kéré jù ni ẹ óò tẹ̀ lé, nítorí pé sípésà ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ nípọn bákan náà.

Ẹ má fi sípésà gba gbogbo àlàfo náà tán. Èmi fi ti mìlímítà 25 sí ẹ̀yìn Camry mi nígbà àkọ́kọ́, ó sì rẹwà títí di ọjọ́ tí ènìyàn mẹ́ta jókòó sẹ́yìn, tí iṣu kún búùtù, tí a ń bọ̀ láti Ìdànrè: gbogbo kòtò tí a já sí ni mo ń gbọ́ tí etí fẹ́ńdà ń gé táyà. Mìlímítà 15 ni ó wà níbẹ̀ báyìí. Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọn ọkọ̀ lófìfo, ẹ pe àgbàlagbà mẹ́rin wọlé, kí ẹ kó ẹrù sí búùtù, kí ẹ sì tún un wọ̀n. Ní iwájú, ẹ yí ìdarí (sítíárìn) dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ wo ibi tí táyà ti sún mọ́ ike abẹ́ fẹ́ńdà.

Ìwọ̀n mìíràn tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ wà lára ríìmù fúnra rẹ̀, níbi tí a kọ ET àti nọ́ńbà kan sí. ET45 túmọ̀ sí pé ojú tí ríìmù fi ń kan họ́ọ̀bù fi mìlímítà 45 jìnnà sí àárín gbùngbùn ìbú ríìmù, sí ìhà ìta. Bí ẹ bá fi sípésà mìlímítà 20 sí i, ó ti di ET25 nìyẹn, táyà yóò sì jáde ní mìlímítà 20. Bí ó ṣe ń jáde sí i ni béárìn ń ru ẹrù sí i, tí ìdarí sì ń le, tí kòtò sì ń já a gbà lọ́wọ́ awakọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kí ti iwájú kéré ju ti ẹ̀yìn lọ.

Ibi tí owó ti sábà ń ṣòfò ni ọ̀rọ̀ bíbára mu. Corolla ọdún 2003 sí 2008 tí ó wá láti Amẹ́ríkà ní ihò bóòtù 5 lórí òbírí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 100, ìbú àárín họ́ọ̀bù rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 54.1, Camry ọdún 2007 sí 2011 ní ihò 5 lórí 114.3, pẹ̀lú họ́ọ̀bù 60.1. Honda Accord ọdún 2003 sí 2007 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sìlíńdà 4 náà ní ihò 5 lórí 114.3, ṣùgbọ́n 64.1 ni họ́ọ̀bù tirẹ̀. Sípésà Honda yóò wọ Camry láìjanpata, ẹni tí ń tà á yóò sì búra pé ó bá a mu, ṣùgbọ́n àlàfo mìlímítà 2 ni yóò wà yí họ́ọ̀bù ká, ìdarí yóò sì máa gbọ̀n bí ẹ bá ti ń sáré. Ẹ tún wo eyín bóòtù: Toyota àti Honda ń lo 12 × 1.5 (bóòtù tí ó nípọn tó mìlímítà 12, tí eyín rẹ̀ fi mìlímítà 1.5 jìnnà síra), Nissan ń lo 12 × 1.25, nọ́ọ̀tì ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ wọ èkejì.

Èyí tí ó fẹ́lẹ́, bíi mìlímítà 3 sí 5, kò ní bóòtù tirẹ̀, ó kàn ń jẹ lára gígùn bóòtù ọkọ̀ ni. Bí nọ́ọ̀tì kò bá wá lè yí tó ìgbà 8 kí ó tó le, ẹ yọ sípésà náà kúrò. Èyí tí ó nípọn tó mìlímítà 15 sókè ní bóòtù tirẹ̀, ṣùgbọ́n bóòtù ọkọ̀ kò gbọdọ̀ yọ kọjá ojú rẹ̀, àyàfi bí ẹ̀yìn ríìmù bá ní ihò tí yóò gbà á. Ẹ má to méjì léra, ẹ má sì fi wáṣà dípò rẹ̀ láé.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dè é, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta há táyà tó kù, ẹ tú nọ́ọ̀tì díẹ̀ kí ẹ tó fi jáàkì gbé ọkọ̀, kí ẹ fi irin ẹlẹ́sẹ̀ tí a ń pè ní jáàkì sítáǹdì tì í lábẹ́, kí ẹ sì yọ ríìmù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà ojú họ́ọ̀bù títí yóò fi mọ́. Ẹ má fi gíríìsì sí ojú ibi tí irin méjèèjì ti kanra. Ẹ kọ́kọ́ de sípésà, lẹ́yìn náà ríìmù, kí ẹ sì máa de nọ́ọ̀tì ní ìkọjú-síra, kì í ṣe yíyí ká. 103 Nm (Nm ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì) ni Toyota pàṣẹ fún Corolla àti Camry wọ̀nyí, nítorí náà ẹ lo sípánà tí ń wọn agbára, ẹ má sì jẹ́ kí fọganáísà fi ẹsẹ̀ gun sípánà náà. Ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà láti ara nọ́ọ̀tì sí ara sípésà. Lẹ́yìn ìrìn kìlómítà 50 sí 100, tí í ṣe bí àlọ àti àbọ̀ láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó, ẹ yọ ríìmù padà, nítorí pé nọ́ọ̀tì tí ó di sípésà mú fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Bí ìlà ọ̀dà kan bá ti yẹ̀, ẹ tún gbogbo wọn dè dé 103 Nm, kí ẹ sì tún wò ó lẹ́yìn kìlómítà 100 mìíràn.